Ẹnu Ìkòkò Lékeléke

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta 2025
Wọ́n tún ti ṣe é. Gbogbo ìkòkò òdòdó mi tó wà ní pálọ̀, wọ́n dojú wọn bolẹ̀ bí abọ́ tí wọ́n fọ̀ tán. Ta ni ì bá tún jẹ́? Ìyá ọkọ mi ni, Ìyá Sùtánà. Ìkòkò tòkunbọ̀ láti Jàpáànù, tó dàgbà ju èmi gan-an lọ, tí mo fọwọ́ ara mi ṣà nínú ẹrù Habeeb tó ń ta tòkunbọ̀ l'Addo — táìlì ti ń họ ọ́ lẹ́nu. Mo bá wọn sọ ọ́. Wọ́n ní ohun tó bá ṣófo tó sì lanu sílẹ̀, èèyàn ló ń pè, pàápàá tó bá kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní Mọ́mì, ọ̀ṣọ́ ni o, kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi níṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ilé. Fóònù ni mo ń wò tí mo fi mọ̀ ọ́n. Lónìí, àwọn ará Lekki ló ń wá mi wá sí Ṣàngótẹ̀dó kí n wá bá wọn to pálọ̀. Kí ẹnì kan wá máa dojú iṣẹ́ mi bolẹ̀ nínú ilé mi!
Nínú àwọn ìkòkò náà, èyí tí mo ń pè ní Lékeléke ni mo fẹ́ràn jù. Ó ga, ó dúdú bí aró, ẹyẹ funfun kan dúró lẹ́sẹ̀ kan lára ẹ̀. Habeeb ní ẹyẹ tiwọn lọ́hùn-ún ní orúkọ tiẹ̀. Lékeléke lèmi mọ̀. Àkísà ni wọ́n fi dí i lẹ́nu pinpin nígbà tí mo rà á. Mo fà á yọ, mo sọ ọ́ nù.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo fẹnu mi sọ ọ́, mi ò sì ní sẹ́: mo ní ìlara ni Mọ́mì fi ń ba nǹkan mi jẹ́. Wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Tolúwani ọmọ wọn wá láti Lakowe, ó wá kó wọn. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní: "Abọ́sẹ̀dé, mo fi ọmọ mi sílẹ̀ fún ẹ. Tó bá gbọ́ tí wọ́n pè é, tí kò rí ẹni tó pè é, kó má jẹ́ o."
Dádì Ànú, ọkọ mi, ń wo ilẹ̀. Ojo.

Àbámẹ́ta, 8
Ilé dákẹ́. Gbogbo ìkòkò mi nàró. Lékeléke kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Ó rẹwà.

Ọjọ́ Ajé, 10
Dádì Ànú jáde láti balùwẹ̀, ọṣẹ lórí, ó ní kí ni mò ń pe òun fún. Èmi tí búrẹ́dì wà lẹ́nu mi! Mo ní ṣé ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti ìyá ẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, 12
Ó tún ṣẹlẹ̀. Ó ní mo pe "Ọláníyan", mo sì fa á gùn. Mo bi í: ọjọ́ wo ni mo pe orúkọ yín ní tààrà rí? Kí n tó bímọ, Ẹ̀gbọ́n ni. Látìgbà tí mo ti bí Ànú, Dádì Ànú ni. Ó wo apá pálọ̀. Ó ní ohùn obìnrin ṣáà ni. Ó ní òun ti jẹ́ ẹ.

Ẹtì, 14
Mo pe Habeeb, mo bú u dáadáa. Kí lo tà fún mi? Ó fi Kùránì búra pé òun ò mọ nǹkan kan. Àmọ́ kó tó pa fóònù, ó bi mí pé ṣé àkísà yẹn ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Olè.

Àìkú, 16
Mo wà ní yàrá, mò ń wé gèlè ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbọ́ Dádì Ànú ní pálọ̀: "Hẹn. Hẹn. Mò ń bọ̀, mà." Mo jáde. Ó ti tẹ̀ ba, etí ẹ̀ lẹ́nu Lékeléke.
Mo já ìkòkò náà gbà, mo dojú ẹ̀ bolẹ̀, gbàgà. Kò fọ́.
Dádì Ànú nàró. Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí.

Ọjọ́ Ajé, 17
Kò sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Ó ń wẹ̀, ó ń jẹun, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Mo pè é títí, àfi bí ògiri. Ànú pè láti ilé ìwé tó ń gbé. Bàbá ẹ̀ gbé fóònù sétí, kò sọ nǹkan kan títí ọmọ fi bú sẹ́kún.
Mò ń gbá pálọ̀, mo gbọ́ ikọ́ lábẹ́ ìkòkò. Ikọ́ tí mo mọ̀.

Ọjọ́rú, 19
Mo pe Mọ́mì. Ẹ̀bi ni mo kọ́kọ́ dà lé wọn lórí: èpè yín ló jà. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n wá bi mí pé nígbà tí mo dojú ẹ̀ bolẹ̀, ṣé ọmọ àwọn ti jẹ́ ìpè náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
"Abọ́sẹ̀dé, o ti dé ọmọ mi mọ́bẹ̀ nìyẹn."
Wọ́n ní kí n gbé ìkòkò náà nàró. Orúkọ tí èmi nìkan fi ń pe ọkọ mi ni kí n fi pè é. Àwọn ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Ọjọ́bọ̀, 20
Wọn ò tíì dé. Mi ò lè dúró mọ́. Mo ti gbé ìkòkò náà nàró sáàárín ẹsẹ̀ mi, mo sì ń kọ èyí. Dádì Ànú jókòó sórí àga, ó ń wò mí, kò ṣẹ́jú. Òtútù ń jáde látẹnu ìkòkò. Mò ń gbọ́ èémí níbẹ̀, kì í sì í ṣe tẹnì kan ṣoṣo.
Ìwọ obìnrin yẹn, mi ò bẹ̀rù ẹ. Ọkọ ọlọ́kọ lo gbà. Panu mọ́.
Dádì Ànú. Èmi ni. Ẹ dá mi lóhùn.