Abọ́mirìn àti Ìlà Oríkì Tó Kù

                                        Ojúlé Kọkàndínlógún,
                                        Òkè Gadà,
                                        Ẹdẹ, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹrin, ọdún 1985.

Ìyábọ̀ ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ìyá mi tí ìyá mi kò bí,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́? Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ nínú ẹgbẹ́ tíátà ńkọ́, àti ọ̀gá yín tó máa ń fi ìbínú jẹ obì? Mo gbọ́ pé ẹ̀yin náà ń tò fún ṣúgà ní Ìbàdàn bí àwa ṣe ń tò níbí. Ẹ kú ìfaradà o. A wà láàyè, a dúpẹ́. Màmá mi ní kí n kí ọ gan-an, o sì máa rí ìdí tí "gan-an" yẹn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti wo fíìmù yín. Ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde ni wọ́n gbé e wá sí gbọ̀ngàn ìlú, ní ọ̀sán gangan. Wọ́n fi tapólì bo gbogbo fèrèsé kí inú ilé lè ṣókùnkùn, àmọ́ tapólì náà ti lu, oòrùn ń gba ojú ihò bọ́ sára aṣọ funfun tí wọ́n ta. Sójà méjì dúró sẹ́nu ọ̀nà tàwọn ti kòbókò lọ́wọ́, nítorí náà àwa ará Ẹdẹ tò wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọ iléèwé. Èmi ni mo bẹ Màmá mi pé kí wọ́n bá mi lọ. Mi ò fẹ́ dá nìkan jókòó wò ọ́.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ kí inú mi lè fúyẹ́: mo ń jowú rẹ. Mi ò fi ṣeré. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lẹ àwòrán fíìmù náà, *Ogun Àjùmọ̀jà*, mọ́ ògiri ilé ìfìwéránṣẹ́, tí mo rí ojú rẹ láàárín àwọn akọni méje, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́. Kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún ni mo ń kọ́ pọ̀ báyìí, torí wọ́n ti dá tíṣà tó ń kọ́ ìkarùn-ún dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba iwájú àwòrán yẹn lọ, tí ìwọ á máa rẹ́rìn-ín sí mi, tí inú á sì máa bí mi.

Àléébù ni mo wá lọ síbẹ̀, mo sì rí i. Àwọn akọni yẹn ti pọ̀ jù. Bí Apààrá bá ti sán ààrá rẹ̀ tán, Olójú-Iná á ní òun náà gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Kó tó dákẹ́, Ẹlẹ́sẹ̀-Afẹ́fẹ́ á ti ki ọfọ̀ tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó hàn gbangba pé ọ̀gá ẹgbẹ́ tíátà ló pọ̀ nínú wọn, tí ẹnìkan ò sì fẹ́ kí ẹnìkejì ṣáájú òun. Ọ̀tá tí wọ́n fẹ́ bá jà jókòó jẹ́ẹ́, ó ń retí wọn bí ẹni ń retí mọ́tò Òṣogbo. Mo rí okùn tí wọ́n fi so ẹni tó ń fò. Mo rí jagunjagun ayé àtijọ́ tó de aago mọ́wọ́. Èyí tó máa ń sọ ara rẹ̀ di kékeré, tó kó sínú agbè, a ò rí i kó jáde títí eré fi parí. Bùràímọ̀ tó ń tún rédíò ṣe, tó jókòó sẹ́yìn wa, ṣì ń béèrè títí dòní pé ta ló máa lọ tú u sílẹ̀.

Síbẹ̀, ó dùn. Kí n má purọ́ mọ́ ọ. Nígbà tí ẹ̀yin méjèèje dúró lórí àpáta, tí ẹ jọ ké, orí mi wú. Mo gbàgbé pé mò ń bínú.

Àfi bí ìwọ tí o ṣe Abọ́mirìn ṣe sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò láti lọ bá ọ̀tá, tí o la ẹnu, tí o ní:

Ọmọ Ọ̀ṣúnwùmí awọdò-má-kọminú,
Ọmọ afomi-ṣe-ìrọ̀rí.

Oríkì ilé bàbá Màmá mi. Ọdún kẹfà rèé tí ọ̀gá yín wo eré Ẹ́sítérì tí a ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, tó ní èmi lòun fẹ́ mú wọ ẹgbẹ́ òun. Màmá mi kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ọmọ táwọn rán níwèé kò ní di alárìnjó. Ọ̀gá wá ní òun á mú ìwọ bí o bá lè ki oríkì kan fún òun. Ìwọ tí wọ́n tọ́ ní Jọ́ọ̀sì kò mọ ẹyọ kan. O sunkún wá bá mi létí Ọ̀ṣun, ọjọ́ mẹ́ta la sì fi ń fọṣọ, tí mo ń kọ́ ọ, títí dórí ibi tí èèyàn ti ń mí.

Bí o ṣe dárúkọ Ọ̀ṣúnwùmí, Màmá mi dìde. Wọ́n ní, "Èmi rèé o," bí ìgbà tí àǹtí wọn bá ń kì wọ́n nínú ilé. Sójà ní kí wọ́n jókòó, wọn ò gbọ́. Wọ́n rìn lọ títí òjìji wọn fi hàn lára aṣọ funfun. Ìwọ ti dákẹ́ nígbà yẹn. Màmá mi gbé ohùn sókè, wọ́n sì parí oríkì náà fún ọ. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n kọjú sí èrò, wọ́n nawọ́ sí ọ, wọ́n ní, "Ọmọ mi nìyẹn."

Èmi jókòó níbẹ̀, báàgì wọn wà lórí itan mi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjà le, tí odò gbé ọ lọ. Màmá mi bú sẹ́kún. Bùràímọ̀ ń rẹ̀ wọ́n, ó ní eré ni, ó ní Ìyábọ̀ wà n'Ìbàdàn tó ń jẹun. Ìyábọ̀, inú mi dùn díẹ̀ nígbà tí omi gbé ọ. Ojú tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Bí a ṣe ń relé, orí afárá ni Màmá ti yíjú sí mi. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo kọ́ ọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ohùn rẹ ni mo gbọ́ tí mo fi dìde. Mo kọ́kọ́ rò pé ìwọ ni." Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ìdí tí mi ò fi kọ́ ọ dé ìparí, pé ìdí tí odò fi gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ nìyẹn. Mo ní mo gbàgbé. Wọ́n wò mí títí, wọ́n gba báàgì wọn lọ́wọ́ mi, wọ́n ní mo ti gbé e pẹ́.

Mi ò gbàgbé. Lọ́jọ́ kẹta, mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró níbẹ̀, mo sọ fún ọ pé ó ti parí. O ń lọ, èmi ń dúró, mo fẹ́ kí nǹkan kan kù tí yóò jẹ́ tèmi nìkan. Ọdún mẹ́fà ni mo fi pa á mọ́, kò sì ṣe mí láǹfààní kankan.

Bá mi kí ìyá rẹ, kí o kí Grace tó ń dirun fún yín, kí o sì sọ fún ọ̀gá yín pé mo rí aago ọwọ́ jagunjagun yẹn. Bí o bá ń bọ̀ wálé, má wọ aṣọ Abọ́mirìn wá o, owú yìí ò tíì tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe apá kejì, lẹ́yìn "ìrọ̀rí," mí díẹ̀, kí o tó sọ pé:

Omi kì í gbé ẹni tó mọ orúkọ odò.

Jẹ́ kí ohùn rẹ wálẹ̀ níbẹ̀, kí odò lè dá ọ padà.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń jowú rẹ,
Adébísí.