Ẹni Tó Kọ́kọ́ Gbọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí a sin Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, bí mo ṣe máa ń pe àbúrò mi kan ṣoṣo. Àwọn nọ́ọ̀sì olùkọ́ bíi tèmi ní kí n sinmi sí i. Kí n sinmi ṣe kí ni? Ilé dákẹ́ jù. Ẹni tó ń fi ariwo ẹnu kún un ti lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì dìde kí mi, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa fojú sí. Mo kọ àkòrí sójú pátákó: ohun tó wà nínú ènìyàn. Mo ní kí wọ́n wò ó bí ilé kan. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ń ké pé òun fẹ́ ẹ, òun fẹ́ ẹ nísinsìnyí. Bàbá kan mú pàṣán dání, èèwọ̀ ló ń kà láti àárọ̀. Ìyá wà láàrin, ó ń bẹ tibí, ó ń bẹ tọ̀hún, kò sì fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́. Inú ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbé. Ọ̀kan bi mí pé ta ló sábà ń borí. Mo ní ó dọwọ́ ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Màámi pè lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé ẹ̀sùn wa ti dé ọwọ́ ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ Dókítà Kékeré — èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Màámi ní kó fojú winá. Mo ní àfi kó fojú winá.

Ogójì ìṣẹ́jú ló fi Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí àga kó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ogójì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ẹ̀kọ́ tòní: àwọn ọgbọ́n tí ọkàn fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ohun tó bá dunni jù, ọkàn á tì í sí yàrá ẹ̀yìn, á ní òun ò rí i. Tàbí kí ọ̀gá bú ọ níbi iṣẹ́, kí o wálé wá na ọmọ. Tàbí kí ènìyàn gbé ẹ̀bi ara rẹ̀ ka ẹlòmíràn lórí. Arítẹni-mọ̀-ọ́n-wí, ó fi àpáàdì bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀ — wọ́n gbádùn ìyẹn gan-an, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

N kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe yà. Mo ṣàdédé bá ara mi níbi tí mo ti ń ro ẹjọ́ Dókítà Kékeré fún wọn. Ẹsẹ̀ òsì tó wú. Àyà tó ń há. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lẹ́sẹ̀, tó ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọbìnrin kan níwájú nawọ́ sókè, ó ní ọjọ́ wo ni ẹsẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ mẹ́rin kó tó dé ilé ìwòsàn, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí tó sọ...

Mo ní kí wọ́n ṣí ojú ìwé tó kàn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ìdánwò. Ìbéèrè kẹrin: ṣàlàyé ọ̀kan nínú àwọn ọgbọ́n tí ọkàn fi ń dáàbò bo ara rẹ̀, kí o fi àpẹẹrẹ láti inú ayé tí o mọ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo gbé ìbéèrè yẹn kalẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo ń máàkì. Wọn kì í kọ orúkọ, nọ́ńbà nìkan. Ọ̀kan ní nígbà tí àfẹ́sọ́nà òun já òun sílẹ̀, òun fọ gbogbo aṣọ ilé, títí kan èyí tó mọ́. Mo fún un ní mẹ́jọ.

Nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo dà á kọ síbí: “Ẹni tí ẹ̀bi ń jẹ lọ́kàn lè gbé e ka ẹlòmíràn lórí, kó má baà rí i lára ara rẹ̀. Àpẹẹrẹ: nọ́ọ̀sì kan tí àbúrò rẹ̀ pè pé ẹsẹ̀ òun wú. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Nígbà tí àbúrò kú, dókítà nìkan ni nọ́ọ̀sì yìí ń bá wí.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi bírò pupa fagi lé e. Òdo. Mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: kò bá ìbéèrè mu. Ọmọ aláfojúdi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Olùyẹ̀wò kejì gbé ìwé náà wá bá mi. Kò mọ nǹkan kan, ẹ̀ka mìíràn ló ti ń kọ́ni. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni ọmọ yìí ṣe yín? Òun ló mọ̀ ọ́n jù nínú gbogbo wọn.” Mo ní ọwọ́ mi ló ṣì í. Mo pa òdo rẹ́, mo kọ mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí. Aṣọ iṣẹ́ ni mò ń lọ̀ nígbà tó pè. Onídìrí ni, orí ìdúró ló ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí kì í ráhùn — òní orí, ọ̀la ẹ̀yìn. Ó ní ẹsẹ̀ òsì wú, ó gbóná, ó ń dun òun. Mo ní ìdúró ló fà á, kó gbé e lé ìrọ̀rí. Mo ní, “Ìwọ náà, o tún ti bẹ̀rẹ̀.” Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná! Ọdọọdún ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Màámi ti dé. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa sùn, ká lè jọ lọ lọ́la.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Èèyàn márùn-ún nídìí tábìlì gígùn. Dókítà Kékeré dìde. Ó ní àwọn méjì tó fara pa nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ni òun wà lórí wọn. Lẹ́yìn náà ó ní kò sí àwáwí, ó yẹ kí òun tètè dé, ojoojúmọ́ ni òun ń rí ojú rẹ̀. Ó ń sunkún. Ẹrù tí mo gbé lé e, ó ti gbà á, ó ti rù ú. Màámi pòṣé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Alága bi mí: ta ni olóògbé kọ́kọ́ sọ fún pé ẹsẹ̀ òun wú?

Mo ní èmi ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ìrọ̀rí, ẹ̀rín. Mo ní mo fa ìwé ẹ̀sùn mi padà. Màámi yọ ọwọ́ wọn kúrò ní apá mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Màámi kò bá mi sọ̀rọ̀. Oúnjẹ tí mo gbé fún wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Láàárọ̀ mo bá wọn nínú yàrá, wọ́n ń ká àwọn ẹ̀wù Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n nà mí, kí wọ́n bú mi, kí wọ́n má ṣáà dákẹ́.

Wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ní, “Ó pe èmi náà lọ́jọ́ Àìkú yẹn, nígbà tó pè ọ́ tán. Ó ní ọkàn òun ò balẹ̀, òun fẹ́ lọ ilé ìwòsàn. Èmi ni mo ní kó jókòó. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mọ̀wé, bí o bá ti ní kò sí nǹkan, kò sí nǹkan náà nìyẹn.”

Èmi rò pé dókítà ni wọ́n ń bínú sí láti ọjọ́ yìí, kó tó wá kàn mí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì wọ́n. Mo fa ẹ̀wù kan mọ́ra. A jọ ń ká aṣọ. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí, “Ṣé o rò pé ó bínú sí wa kó tó lọ?”

N kò lè purọ́ fún wọn mọ́. Mo ní n kò mọ̀.