Tábìlì Tíṣà Tó Wà Nílé Ìfọṣọ Mi

Èmi, Obdulia Cisneros Rentería, opó, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, tí mò ń gbé ní ojúlé 418, òpópónà Ciruelo, ìlú Tres Acequias ní California, ni mo ní kí wọ́n kọ ìwé ìhágún yìí, mo sì ti kà á wò ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà ní Michoacán, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ sí ohun tí kò bá yé mi rí. Orí mi pé, ẹnikẹ́ni ò sì fipá mú mi. Dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀. Ó ní ọkàn òun balẹ̀. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí n ṣáà kọ́kọ́ palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Ìwé ìhágún tí mo kọ lọ́dún tí Fermín ọkọ mi kú, mo pa á rẹ́.

Ìkíní. Yesenia, ọmọbìnrin mi, ni yóò ṣe alámòójútó ìwé yìí. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé, ẹ jẹ́ kó sùn tán kẹ́ ẹ tó máa bi í ní ìbéèrè.

Ìkejì. Ilé tí mò ń gbé di ti Efraín, ọmọkùnrin mi, àti igi píìṣì mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti tún òrùlé rẹ̀ ṣe, kó má bàa sọ pé ohun tó ń jò ni mo fún òun. Kó mú adìẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pẹ̀lú. Àkùkọ pupa yẹn máa ń ṣá èèyàn lẹ́sẹ̀ láìnídìí. Òun àti Efraín yóò gbọ́ ara wọn yé.

Ìkẹta. Àpótí irinṣẹ́ Fermín, pẹ̀lú gbogbo sípánà inú rẹ̀, di ti Yesenia. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tó kọ́kọ́ tú ẹ̀rọ ìfọṣọ palẹ̀ tó sì tò ó padà. Efraín, má bínú. Ìwọ náà mọ̀ pé èyí tó o tú lọ́jọ́sí ṣì wà nínú gáréèjì di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ìkẹrin. Ilé ìfọṣọ, ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́rìnlá àti ẹ̀rọ mẹ́wàá tó ń gbẹ aṣọ, di ti ẹ̀yin méjèèjì lọ́gbọọgba. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó máa yọ̀, ẹ kà á débi tí ó parí sí.

Ọdún kẹwàá rèé tí Yesenia fìdí rẹmi nínú ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú wa. Láìsí ìṣirò yẹn, wọn ò ní gbà á sí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mo bi í pé, “Ṣé o ò lè lọ bá tíṣà yín ni?” Ó ní, “Mama, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ. Ó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago méjì sí mẹ́rin, òun wà ní ọ́fíìsì. Àsìkò iṣẹ́ wọn nìyẹn, mo bá yáa padà sẹ́yìn.” Mo yìn ín. Mo ní ọmọ tí mo kọ́ dáadáa ni.

Nínú oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ọkùnrin kan kó báàgì aṣọ kan wọlé, ó ní ẹ̀rọ ilé òun bà jẹ́. Vartan Kasparian, tíṣà ìṣirò Yesenia gan-an, ọmọ àwọn ará Armenia tó ń gbin àjàrà lápá ìlà-oòrùn ìlú, ni. Ó jókòó, ó ń máàkì ìwé, ó ń mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mẹ́tàdínlógójì ni mò ń kọ́, ẹyọ kan ò yọjú sí mi. Mo kàn ń jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú.”

Mo ní, “Tíṣà, ṣebí ẹ̀yin lẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn pé kí wọ́n má wá?”

“Èmi kẹ̀?”

“Ẹ kọ àsìkò tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀. Ta ló fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀gá tó ń ṣiṣẹ́?”

“Màdáámú, àwọn gan-an ni mò ń dúró dè!”

“Kẹ́ ẹ kúkú kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀rọ gbẹ aṣọ rẹ̀ tán, ó dúró, ọkùnrin yìí ò dìde. Ó kàn ń sọ pé, “Ọdún mọ́kàndínlógún.” Iye ọdún tó ti fi ń kọ́ni nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ lòun náà yóò ti máa jókòó, nítorí kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ọkùnrin tó mú ìbọ̀sẹ̀ tútù lọ́wọ́. Yesenia ló kọ́kọ́ jókòó tì í. Kó tó di Àjíǹde, wọ́n ti di mọ́kànlá: Pa Nhia, ọmọbìnrin ẹ̀yà Hmong láti Éṣíà, tó ń fi ẹsẹ̀ mi àbúrò rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ, àwọn tó ti oko àjàrà dé pẹ̀lú eruku lórí bàtà. Wọ́n ń ṣe ìṣirò, ẹ̀rọ ń yí, òórùn ọṣẹ gba gbogbo ilé kan.

Bí ọmọ kan bá sá kíláàsì, èmi ni Tíṣà máa ń bi. “Domingo dà?” Mo máa ń mọ̀. Ẹni tí kò bá fọṣọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nǹkan ti ṣe é: ọkọ̀ rẹ̀ kú, tàbí wọ́n lé e nílé. Tíṣà á wá pè é lórí fóònù. “Mi ò pè ọ́ láti bá ọ wí o. Níbo lo wà?” Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n máa ń padà wá.

A jà. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ méjì ni ì bá wà níbi tí tábìlì yẹn wà, mo sì fi iye tí mò ń pàdánù hàn án. Ó gba bébà náà, ó ṣírò rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó ní, “Ẹ gbàgbé aṣọ tí àwọn ọmọ yìí ń fọ̀.” Òótọ́ ló sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀.

Efraín, mo mọ̀ pé ẹnì kan ti wá bá ọ pé òun fẹ́ ra ilé ìfọṣọ yìí. O sọ fún mi pé, “Mama, tábìlì lásán ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti kọ́ yàrá tí wọ́n ti ń ran ọmọ lọ́wọ́, kápẹ́ẹ̀tì ló wà nílẹ̀ ibẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ ń wọ̀ ọ́. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n wọ̀ ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ìkarùn-ún. Nítorí náà, igun ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tábìlì ibẹ̀, àga mẹ́fà àti pátákó ara ògiri, Vartan Kasparian ni yóò máa lò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú tíṣà yòówù tó bá mú wá, títí yóò fi kú, tàbí títí yóò fi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ti sú òun. Ẹnikẹ́ni tó bá jogún ilé yìí, tàbí tó rà á, kò gbọdọ̀ sún un kúrò.

Lọ́yà ní, “Màdáámú, gbólóhùn yìí máa já owó ilé yìí wálẹ̀ o.” Mo ní èló? Ó ní yóò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì dọ́là. Mo lọ sílé, mo fi ọjọ́ mẹ́ta rò ó, mo padà wá, mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìkẹfà. Pósí onípákó lásán ni kẹ́ ẹ rà fún mi. Ẹ fi owó tó bá ṣẹ́ kù ra ọṣẹ sórí tábìlì náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Vartan, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, táwọn ọmọ bá ti lọ tán, ẹ máa ń ká ṣẹ́ẹ̀tì yín ní ìkákúkàá, èmi á sì tún un ká. Ẹ̀yin lẹ ń gbé àjàrà gbígbẹ wá. Lọ́dún kẹrin lẹ tó jẹ́wọ́ fún mi pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ti tún ẹ̀rọ ilé yín ṣe. Èmi tí mo máa ń ṣírò ohun gbogbo, ìyẹn ò wọnú ìṣirò mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí, lójú yín ni mo ṣe bẹ Pa Nhia àti Domingo pé kí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí ìwé mi, ẹ̀yin sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú báírò lọ́wọ́. Ojú yín yí padà, mo rí i. Lọ́yà ló ní kò tọ́ kí ẹni tó máa jogún ṣe ẹlẹ́rìí. Mi ò lè sọ ìyẹn fún yín níṣojú àwọn ọmọ, torí pé ẹ ó bi mí pé kí lẹ fẹ́ jogún lọ́dọ̀ mi, ẹnu mi kì í sì í lè parọ́ fún yín.

Mo fọwọ́ sí i fúnra mi, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ọdún 2019, ní Tres Acequias.

Obdulia Cisneros Rentería

Àwọn ẹlẹ́rìí, tí wọ́n rí i bó ṣe fọwọ́ sí i, tí wọn ò sì ní ìpín kankan nínú rẹ̀:
Pa Nhia Vang, nọ́ọ̀sì
Domingo Feliciano, oníṣẹ́ iná mànàmáná