Ipò Tuntun Ìyá Iná

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ohùn ni mo fi ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má retí lẹ́tà. Ọwọ́ mi ló dí.

Ẹ má gba gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ fún yín gbọ́. Lóòótọ́, iná bú gbàmù níbi iṣẹ́ wa. Ẹnì kan ló ju àlòkù irin tí òjò ti pa sínú irin yíyọ́. Alágbẹ̀dẹ ni yín, ẹ mọ ohun tí omi ń ṣe níbẹ̀. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù, àmọ́ ara mi le koko bí ọta.

Wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí iná. Ìgbéga ni! Èmi obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ọ̀gá níbẹ̀, èmi Ìyá Iná, mo ti di alága. Ọkùnrin tó gba ipò mi ṣì ń wá bi mí bóyá irin ti gbóná tó. Mo ní, àwọ̀ wo ló ní? Ó ní pupa. Pupa bí kí ni? Kò mọ̀. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.

Irin tútù ni wọ́n ń gbé fún mi báyìí. Mo ń fi òòlù kàn án, mo ń tẹ́tí. Èyí tó bá sán nínú kì í dún gooro. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń dán ọkọ́ wò, tí ẹ ó dijú pinpin. Èmi kì í yọ ara mi lẹ́nu láti dijú.

Ẹ bá mi kí màmá. Ẹ ní kí wọ́n má fi fọ́tò ọmọ àbúrò mi ránṣẹ́ mọ́. Tó bá ti ń rẹ́rìn-ín, kí wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ọn lẹ́nu.