Iṣẹ́ Tí Mo Fi Ọjọ́ Méjì Gbà Lọ́wọ́ Ọ̀gá Mi

                                        Ṣọ́ọ̀bù Adédìran,
                                        Òkè-Fìà,
                                        Òṣogbo.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Kẹfà, 2025.

Ìlérí mi, ọ̀rẹ́ àtọkànwá,

Báwo ni Ìmẹ̀sí-Ilé? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá yín ti fúyẹ́? Àwọn àbúrò rẹ ńkọ́? Bá mi kí Bùọ̀dá Amos, sọ fún wọn pé mi ò tíì gbàgbé àgbàdo tí wọ́n ṣèlérí. Èmi wà, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé mo wà dáadáa. Láti ọjọ́ Ajé, èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́nikẹ́ni bá wọlé, fóònù ló fẹ́ fi síná.

O mọ̀ pé nígbà tí mo kúrò nílé ìwé ní SS2, ọ̀gá mi, Bùọ̀dá Adédìran, ló gbà mí síṣẹ́ kóòdù kíkọ, tí wọn ò fìgbà kan fi ìwé tí mi ò kà tán bú mi. Wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á ní, "Tómi, kọ́ńpútà ò mọ 'ṣebí ó ti yé ọ'. Sọ ọ́ tán fún un." Ká sòótọ́, àwọn nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ nílùú yìí.

Ìjọ kan ní Iléṣà wá gbéṣẹ́ fún wọn: ètò tí yóò máa tọ́jú orúkọ ọmọ ìjọ, tí yóò sì máa fi ìkíni ránṣẹ́ sí fóònù oníkálukú. Oṣù kẹta pé, ọ̀gá ṣì ń lọ sí Iléṣà lọ béèrè ọ̀rọ̀. Ó sú mi. Mo rí irinṣẹ́ kan lórí fóònù mi tí kò gba kóòdù rárá. Àwọn àpótí kéékèèké ojú fóònù lo máa fìka wọ́ síbí, wọ́ sọ́hùn-ún, ètò ti dé. Ọjọ́ méjì ni mo fi parí ti ìjọ náà. Mi ò fẹ́ ba ti ọ̀gá jẹ́ o. Mo kàn fẹ́ kẹ́nì kan sọ pé mo gbọ́n ni. Bàbá Ọ̀nàọlápọ̀, akọ̀wé ìjọ, wá nígbà tí ọ̀gá ò sí nítòsí, mo bá fi hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò ṣe ti sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí?" Wọ́n gba tèmi. Wọ́n ní kí ọ̀gá máa sinmi.

Ọ̀gá ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "O káre." Látìgbà náà, tí mo bá kí wọn, "hùn" ni. Àkànó, télọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa, wá ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Adédìran oníkóòdù! Ṣé kí n bá ọ wá abẹ́rẹ́ kan?" Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọ̀gá gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì lọ.

Ọjọ́rú ni tèmi bẹ́. Nínú ìwé orúkọ tí ìjọ kó fún wa, àgbélébùú kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn kan. Mo rò pé àwọn tó ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni. Àṣé àwọn tó ti kú ni! Ètò mi wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Màmá Phebe, tí wọ́n ti sin láti ọdún mẹ́ta: "Ẹ kú ọjọ́ ìbí o, Màmá. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tá a ti rí yín. À ń retí yín lọ́jọ́ Ìsinmi." Ọkọ wọn, Bàbá Elisha, ṣì ń fi fóònù Màmá síná lójoojúmọ́. Akọ̀wé ló pè mí, wọ́n ní Bàbá gbé fóònù náà wá bá àwọn, wọ́n fi lé orí tábìlì, wọ́n ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń retí rẹ̀, ẹ bá mi pè é wá."

Ojú ẹsẹ̀ ni mo pa ètò náà. Mo wá tú ìwé tí ọ̀gá fi sílẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀: "Àgbélébùú: olóògbé. Má fi nǹkan kan ránṣẹ́." Ohun tí wọ́n ń lọ béèrè ní Iléṣà nìyẹn. Mo sunkún débi pé Àkànó ò lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo pe ọ̀gá lánàá. Mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, mo ní kí wọ́n padà wá. Wọ́n wá béèrè bóyá mo ti dé ọ̀dọ̀ Bàbá Elisha. Mo ní rárá, ojú ń tì mí. Wọ́n ní, "Èmi kọ́ lo ránṣẹ́ sí, Tómi. Lọ bá ẹni tó o ránṣẹ́ sí. Tó o bá kúrò níbẹ̀, pè mí."

Ìlérí, ọ̀la ni mò ń lọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, àmọ́ ẹnu tí màá fi sọ tèmi ni mi ò tíì rí. Tí Bàbá bá ṣílẹ̀kùn, tí wọ́n ní ta ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò ní sọ pé ẹ̀rọ ni.

Bá mi kí Màmá àti gbogbo ilé. Kó o sì rántí mi nínú àdúrà àárọ̀ ọ̀la.

Tìrẹ nìkan ni mí,
Olúwatómisìn