Ajá Oníbúrẹ́dì Kò Jẹ́ Kí Bàbá Rẹ Sùn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ mi kéékèèké tí wọ́n ń da ilé rú fún ọ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé o sì ń ráyè jẹun lásìkò? Tiwa níhìn-ín, bí mo bá ní kí n ka ohun tí Ọlọ́run ṣe fún wa láti ìgbà tí o ti wá kẹ́yìn, ilẹ̀ á ṣú mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé o máa sọ pé kí ló dé tí màmá ń kọ lẹ́tà bí ẹni ayé àtijọ́, nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni mo fẹ́ sọ. Bí o bá sì ti pè báyìí, ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń jókòó sí, kí ó lè gbọ́ ohùn rẹ. Mi ò fẹ́ kí ó gbọ́ pé mò ń ròyìn òun.

Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò. Ó ń fi ọ̀pá rìn, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, ó tilẹ̀ ti ń fá irùngbọ̀n ara rẹ̀, onígbàjámọ̀ kì í gbàgbé iṣẹ́. Ẹnu ló kù. Bó bá fẹ́ pe omi, nǹkan mìíràn ni yóò jáde. Obìnrin tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ ní ọsibítù sọ fún wa pé kí a má jẹ́ kí oorun wọ́n ọn, kí ó sì máa sọ̀rọ̀ ṣáá, ì báà wọ́, ì báà tẹ̀. Ó ní bí ó bá pa ẹnu dé, ẹnu náà lè máà ṣí mọ́.

O mọ irú ẹni tí bàbá rẹ jẹ́. Rédíò ni àwọn oníbàárà ń pè é. Kó tó gẹrun ẹnì kan tán, ó ti ka ìròyìn ilé àti ti òkèèrè fún un, ó sì ti fi àwàdà kún un. Lọ́jọ́ tí mo mú un lọ kí wọn ní ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ béèrè ìyàwó oníbàárà rẹ̀ kan, ló bá béèrè abẹ ìfárí. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ̀rín náà kàn bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni bàbá rẹ ti dákẹ́. Ìka ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí mo bá gbé fóònù sí i létí, èémí rẹ̀ nìkan lo máa ń gbọ́. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Mo rò pé mi ò ní gbọ́ ohùn ọkọ mi mọ́.

Orí èyí la wà tí ọ̀rọ̀ ajá fi dé. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì ló gba ilé tó fara ti tiwa. Ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ síbi iṣẹ́, àárọ̀ ló ń dé. Ìyá rẹ̀ ló máa ń sun ilé pẹ̀lú ajá wọn méjì. Ọ̀kan ń jẹ́ Ọ̀gá, èkejì ń jẹ́ Sùúrù. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n oníbúrẹ́dì bímọ, ìyá lọ bá a tọ́jú ọmọ, ilé wá di ti ajá. Bí oníbúrẹ́dì bá ti ti ilẹ̀kùn báyìí, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, ó di ìdájí. Sùúrù yìí ló tiẹ̀ burú jù. Ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín wọn àti ibi tí bàbá rẹ ń gbé orí lé.

Mo fi òwú dí etí bàbá rẹ, ó yọ ọ́. A gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sí pálọ̀, ariwo náà bá wa débẹ̀. Nígbà tí a lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, dókítà wo ohun tó rí, ó wá gbójú sókè wò mí bí ẹni pé èmi ni mò ń gbó. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ní òun á lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ní kó fọwọ́ wọ́nú, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹni tí a jọ ń lo ògiri kan, ẹnu la fi ń bá a sọ ọ́.

Ni mo bá múra, mo lọ. Ibẹ̀ ni mo ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí nǹkan bá dùn yín, ẹ ó kàn sọ ọ́ ni. Àwa tí wọ́n fi ìkíni tọ́ dàgbà, a kì í kanlẹ̀kùn ká bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ lórí ìdúró. Mo kí i kú iṣẹ́, mo kí i kú àìsùn, mo kí i kú ewu ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo béèrè ìyá, mo béèrè bàbá ọmọ. Ibi tí mo ti fẹ́ fi ọgbọ́n yí i sórí ajá, mo ní, “O sì kú ìtọ́jú àwọn ajá yìí o, a máa ń gbọ́ wọn dáadáa.” Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé gan-an, Mà. Àwọn míì kì í mọyì ajá. Mo tiẹ̀ ń rò ó pé kí n mú ọ̀kan sí i, kí gbogbo wa lè máa fọkàn balẹ̀ sùn.” Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní Ọlọ́run á ṣe é. Ó fi búrẹ́dì gbígbóná sin mí dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí mo ròyìn fún bàbá rẹ pé mo lọ báni wí nítorí ajá méjì, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àdúrà mú ẹ̀kẹta wálé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Nígbà tó rín in tán, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó nawọ́ sí ilé oníbúrẹ́dì. Ó fẹ́ kí a jọ padà lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò jẹ́ kí ìkíni gùn. Mo ní, “Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ dídùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló bo èyí tí mo bá wá mọ́lẹ̀. Àwọn ajá rẹ ń gbó mọ́jú. Bàbá yìí ò rí oorun sùn, oorun sì ni oògùn rẹ̀.” Ó jókòó gbì. Kò mọ̀ rárá. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Kì í sí nílé nígbà tí wọ́n bá ń gbó. Bó bá sì dé láàárọ̀, ojú oorun ló ń bá wọn, ó rò pé bí wọ́n ṣe sùn mọ́jú nìyẹn. Ó bẹ̀ wá, ó tún bẹ̀ wá. Ó ní láti kékeré ni wọ́n ti ń sùn síbi ẹsẹ̀ ìyá òun, wọn ò dá sun ilé rí. Ó ní òun á ní kí àgbẹ̀ kan tí òun mọ̀ wá kó wọn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bó ti sọ ọ́ tán, ó dì mọ́ Sùúrù lọ́rùn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí oorun la wá gbà, a ò wá gba ajá lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Bàbá rẹ ló yanjú rẹ̀. Ó fi ọ̀pá kanlẹ̀, ó nàka sí àwọn ajá, ó nàka sí ilé wa, ó wá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni tó ń sùn. Mo ní, “Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí adìyẹ gba iwájú ilé kọjá?” Ó tún nàka. Báyìí ló ṣe jẹ́ pé bí oníbúrẹ́dì bá ń lọ síbi iṣẹ́, yóò kó wọn wá bá wa pẹ̀lú ògbólógbòó ìró ìyá rẹ̀ tí wọ́n ń sùn lé, bó bá sì ń bọ̀ láàárọ̀, yóò kó wọn lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ń sùn. Wọ́n ń gbọ́ ìró ènìyàn, wọn kì í gbó. Bàbá rẹ ń sùn, èmi náà ń sùn, dókítà sì ti wá mọ̀ pé ẹjọ́ mi kọ́.

Oorun nìkan kọ́ ni mo fi mú bírò o. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wà nídìí máṣíìnì, mò ń gbé kọ́là sí aṣọ iléèwé, ni mo gbọ́ ohùn ọkùnrin lẹ́yìnkùlé. Mo rò pé ẹni tí mo ní kó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe ló dé. Mo dìde lọ kí i. Bàbá rẹ ni. Ó jókòó sórí àpótí, Sùúrù gbé àgbọ̀n lé e lẹ́sẹ̀, Ọ̀gá kọjú sí i bí oníbàárà tó ń dúró kó kan òun. Ìtàn ọkùnrin tó sùn lọ lórí àga, tí wọ́n gẹrun rẹ̀ tán tí kò mọ̀, ló ń sọ fún wọn. Ó pe abẹ ní ṣíbí, ó pe orí ní ilé. Bó bá ṣì í, á dúró, á mí, á tún un sọ. Ajá kò rẹ́rìn-ín, ajá kò bi í pé kí ló wí. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi kọ́là ọmọ ọlọ́mọ nu ojú, mo sì rọra padà síbi tí mo ti wá.

Olùkọ́ rẹ̀ ní ọsibítù ní kí n má ṣe jẹ́ kó mọ̀ pé mo gbọ́. Mo bá di ẹni tí kì í sún mọ́ ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀. Nígbà tó yá, ó kàn mí. A ń jẹun ni, ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Iyọ̀ pọ̀.” Ọmọ mi, gbogbo àdúrà tí mo gbà pé kí ọkọ mi bá mi sọ̀rọ̀, àbùkù oúnjẹ mi ló fi ṣí ẹnu. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo sì lọ wá nǹkan mìíràn fún un jẹ. Iyọ̀ náà pọ̀ lóòótọ́.

Oníbúrẹ́dì kò yé dúpẹ́ pé a kò jẹ́ kí ajá òun lọ. Mo ní kó dákẹ́, ọrùn tiwa ni ọpẹ́ wà. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ta ni ìbá máa jókòó ti bàbá yín lórí àpótí? Ìyá rẹ̀ ń padà bọ̀ láìpẹ́, àwọn ajá náà á sì padà síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọmọbìnrin náà pé kí wọ́n ṣì máa yà kí òun láàárọ̀.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé nìyí. Bí o bá pè lọ́jọ́ Àìkú, bàbá rẹ ló fẹ́ gbé fóònù. Kò sọ fún mi, ṣùgbọ́n láti ìdí máṣíìnì, mò ń gbọ́ bó ṣe ń fi orúkọ rẹ kọ́ra lẹ́yìnkùlé. Nígbà mìíràn orúkọ rẹ ló ń jáde, nígbà mìíràn orúkọ ìyá rẹ̀ ni. Orúkọ yòówù kó pè ọ́, jọ̀ọ́, dáhùn. Má bi í pé kí ló wí. Má bá a parí ọ̀rọ̀. Má sunkún sí i létí, fi ìyẹn pamọ́ de èmi. Bó bá dákẹ́, ìwọ náà dákẹ́, kí o dúró dè é. Ó ń bọ̀.

Ọlọ́run tó dá ohùn padà sínú ilé wa kò ní jẹ́ kí ilé tìrẹ pa rọ́rọ́. Àwọn ọmọ rẹ á máa jẹ́ ọ nígbà tí o bá pè wọ́n, ìwọ náà á sì máa rí wa pè. Bá mi gbá àwọn kéékèèké mọ́ra.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tí iyọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀.

Àfikún: Bàbá rẹ wọlé bá mi níbi tí mo ti ń lẹ àpòòwé. Ó béèrè ẹni tí mò ń kọ̀wé sí, mo ní ìwọ ni. Ó jókòó tì mí. Ó wá ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Bàbá ẹ kí ẹ.” Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, mi ò bá a tún un ṣe.