Òórùn Sípírítì

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo lérò pé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́, àti pé gbogbo ilé yín ń ṣe dáadáa. Ara tiwa le, ọkàn mi nìkan ni ò balẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ọkọ mi gbà láti lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn lórí ọ̀rọ̀ ọtí yẹn. Wọ́n á fún un lóògùn, wọ́n á gbé ọtí sí i nímú, èébì á sì gbé e. Lemọ́lemọ́ ni wọ́n ń ṣe é, títí ara rẹ̀ fi gbà pé ọtí àti èébì, ọ̀kan náà ni. Ó mà ṣiṣẹ́ o! Ó wá ń kọjá níwájú ilé ọtí bí ẹni ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn.

Àmọ́ imú rẹ̀ ò mọ ìyàtọ̀ ọtí sí sípírítì. Ní Sátidé kan, ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gẹrun, ó ti gé irun tíṣà kan dé ìdajì, ó fẹ́ fi sípírítì nu kílípà. Bó ṣe ṣí ìgò báyìí, èébì dé. Ó sá jáde, kò padà wọlé. Tíṣà fi fìlà bo orí, ó wá kan ilẹ̀kùn wa: “Ìyàwó, ṣé bí mo ṣe máa lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ rèé?” Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún náà sì ń bọ̀.

Láti ìgbà náà, ọkọ mi ò lọ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Á jókòó, á dìde, á rìn yí pálọ̀ ká. Ó ní, “Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ rèé. Ṣé kí n kúkú padà sídìí ọtí ni?”

Mo sáré lọ bá nọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ imú rẹ̀ láti kórìíra, a lè kọ́ ọ láti gba sípírítì nìkan mọ́ra: kí n máa ṣí ìgò lókèèrè nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn, kí n máa sún un mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Mo ní, “Bí imú bá dárí ji sípírítì, ṣé kò ní tún bá ọtí rẹ́?” Ó ní, “Mi ò lè búra fún yín, mà.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti ń wo bọ́ọ̀lù, màá ṣí ìgò lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, màá sì mú ìdérí rẹ̀ dání. Nígbà tó yá, òun gan-an ló ń sọ pé, “Sún un mọ́ mi. Kí lò ń bẹ̀rù?” Ṣé kí n sọ fún un pé òun gan-an ni mò ń bẹ̀rù?

Òní ló padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti gbálẹ̀, mo tún un gbá, mo ti fọ aṣọ tó mọ́. Gbogbo ẹsẹ̀ tó bá dún níta ni mò ń yọjú wò. Ilé ọtí yẹn mà ń bẹ lójú ọ̀nà tó máa gbà bọ̀.

Ẹ bá wa gbàdúrà. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ò ní gbúròó ohun tó máa bà yín nínú jẹ́.

Èmi ni,
Àbúrò yín tí ò yé da yín láàmú.

Àfikún: Ó ti wọlé. Òórùn kan bá a wọlé, n ò sì mọ èwo ni. Ó rí i pé mò ń fín imú. Kò bínú. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, mo gbóòórùn wọn: sípírítì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ya ẹnu sí mi bí ọmọdé. Kò sí òórùn ọtí kankan níbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.